Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onítàn ìlú wa: ẹ má lu ìkòkò aró àwọn ìyá wa ní gbàǹjo

Sí Ààrẹ, Akọ̀wé, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. N kò dárúkọ ẹgbẹ́ nínú lẹ́tà yìí, nítorí ìjà kọ́ ni mo bá wá, ẹni tọ́rọ̀ kàn sì mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síta kí gbogbo ìlú lè kà á, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo rí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kejì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ ó palẹ̀ yàrá náà mọ́, ẹ ó sọ ọ́ di gbọ̀ngàn tí àwọn tó ń ṣe ìnáwó yóò máa gbà, àti pé ẹ ó lu “àwọn ohun èlò àtijọ́ tí kò wúlò mọ́” ní gbàǹjo kí oṣù yìí tó parí. Yàrá kìn-ín-ní ni adé wà, ibẹ̀ ni ọ̀pá àṣẹ àti fọ́tò àwọn ọba àti ìjòyè wà. Ìwé yẹn kò fọwọ́ kàn án. Yàrá kejì ni ọlọ wà, òun àti odó, àdògán, òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ, fìtílà, kèrègbè, ọkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, àpótí rédífúsọ̀n, síléètì tí àwọn bàbá wa fi kọ́ ABD. Yàrá àwọn tí kò jọba rí nìyẹn.

Ìkòkò aró ìyá mi méjì wà níbẹ̀. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín, òun ló gbé mi dìde. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́. Ládùúgbò tiwa nìkan, mo mọ ilé mẹ́sàn-án tí ẹrù òbí wọn wà nínú yàrá yẹn, mo sì ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ kí n tó mú bírò.

1. Ẹ̀ṣọ́ la fi yín ṣe lórí ẹrù yẹn, a kò tà á fún yín.

Ọdún 1986 ni ìyá mi dáwọ́ aró dúró. Orúnkún ń dùn ún, àwọn tó ń lo aró inú agolo sì ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí mẹ́ta nínú àwọn tó wà lórí àga yín nígbà yẹn wá sílé wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, mo bá wọn lórí ẹní níwájú ìyá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ìlú yìí ṣe. Wọ́n ní wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìyá mi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò méjì, ìdì ìyẹ́ adìyẹ kan, páànù tí wọ́n gé àwòrán sí lára, àti ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá wọn lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé ìgbà yẹn ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, orúkọ náà sì ń di ti ẹlòmíràn, ni mo bá tọrọ bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé náà ní ẹ̀yìn búlúù, ó fẹ̀ tó ọpọ́n ayò. Orúkọ ẹni tó mú nǹkan wá wà níbẹ̀, ohun tó mú wá, àdúgbò rẹ̀, àti bóyá ó fi tọrẹ ni tàbí ó fi yá ẹgbẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ìwé yẹn wà? Nígbà tí mo béèrè, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ikán ti jẹ ẹ́. Òmíràn ní ó wà nílé akọ̀wé kan tó ti kúrò nípò. Bí ìwé náà kò bá sí lọ́wọ́ yín, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ àti èyí tí wọ́n yá yín? Ọkùnrin kan ládùúgbò wa yá yín ní òfì bàbá rẹ̀ àgbà fún ọdún méjì péré, kó tó lọ sí ìlú òyìnbó. Òfì yẹn wà lára ohun tí ẹ fẹ́ tà.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin (77) ti ọdún 1979, èyí tó dá àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè kàn dìde kó rà. Ta ni nínú yín ló ti yẹ ọjọ́ orí òfì yẹn wò? Ta ló ti bi ẹbí rẹ̀ léèrè? Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí ẹrù kò lè dá a lójú pé òfin kò de ẹrù náà.

2. Ẹ wo ipò tí wọ́n wà lọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ tí mo rí ìwé ara ilẹ̀kùn náà, mo wọlé lọ wo àwọn ìkòkò náà. Ọ̀kan ṣì wà nínú yàrá. Èkejì wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n kọjú ẹnu rẹ̀ sókè, òjò ti kún un dé ìdajì, tányín-tányín ń ta nínú omi náà. Mo dà á nù. Mo wá fi ìka tọ ẹnu ìkòkò náà yíká títí mo fi kan ibi tó ṣán, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èmi ni mo ṣán an. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ń fi ọmọrí odó ṣeré nídìí aró, ìyá mi sì lé mi kúrò níbẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Inú ìkòkò náà ṣì dúdú. Ẹ fi àkísà funfun tútù nù ún, àkísà náà yóò mú aró. Ó ti tó ogójì ọdún tí aró kankan kò ti wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ìró àdìrẹ náà, ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ ògiri. Ìṣó ti dípẹtà, ìpẹtà sì ti jẹ aṣọ náà ní ibi méje, mo kà á. Ojú fèrèsé ni wọ́n kàn án sí, oòrùn ọ̀sán ń bà á lójoojúmọ́, apá kan rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ eérú. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ta àdìrẹ rí lọ́jà Ìtòkú tí kò mọ̀ pé oòrùn máa ń mú kí aró ṣá. Ẹ ká a sí ara igi tí ẹ fi aṣọ funfun wé, ẹ fi í síbi tí oòrùn kò dé. Kò ná yín ní nǹkan kan.

3. Ìwé pélébé tí ẹ kọ sábẹ́ wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ìkòkò tó kù nínú yàrá ni ÌKÒKÒ ÀTIJỌ́. Ó tán. Ìkòkò ọbẹ̀ ni, àbí ti omi? Ti àgbo ni, àbí ti èmu?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ewé èlú ni àwọn aláró máa ń já. Wọ́n á gún un lódó, wọ́n á ṣù ú róbótó róbótó, wọ́n á sá a kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni eérú. Ìkòkò kan tó ní ihò nídìí yóò jókòó lórí ìkejì. Wọ́n á kó eérú sínú ti òkè, wọ́n á da omi lé e, omi náà yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń fi rẹ èlú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣeé rẹ aṣọ sí. Ìyá mi kò ní aago, kò ní ìwọ̀n. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ìka tọ́ ọ wò, yóò ní “ó di ọ̀la.” Bó bá sì di ọ̀la lóòótọ́, tí ó bá ti aṣọ funfun bọ inú rẹ̀ tí ó fà á yọ, bí ewé tútù ni aṣọ náà máa ń rí. Afẹ́fẹ́ ni yóò wá máa sọ ọ́ di aró lójú yín, láti etí aṣọ wá sí àárín. Èmi àti àwọn àbúrò mi a máa sá wá wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti rí i nígbà àìmọye.

Kí aṣọ tó dé ìdí aró rárá, ẹ̀kọ ti kọ́kọ́ dé ara rẹ̀. Láfún ni wọ́n ń rò, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sẹ́ ẹ kó má ní kókó. Ìyẹ́ adìyẹ ni ìyá mi fi ń ya ọnà lórí aṣọ tó tẹ́ sórí tábìlì. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti dé, aró kò ní mú un, ibẹ̀ ni yóò di funfun nígbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò. Ìdì ìyẹ́ tí ìyá mi fún yín, n kò rí i mọ́. Òṣìṣẹ́ yín rò pé ìdọ̀tí ni, ó gbá a dànù. N kò bínú sí ọmọ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìkòkò tó wà nínú yàrá, tí ẹ pè ní ìkòkò àtijọ́, òun ni ìkòkò eérú. Òun ló ní ihò nídìí. Mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo ihò náà, mo sì rí i pé ẹnìkan ti fi sìmẹ́ńtì dí i. Ó rò pé ó lu ni, ó ń tún un ṣe. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ni ó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ya àwọn méjèèjì, ẹ dí ihò tó so wọ́n pọ̀, ẹ wá ń sọ pé wọn kò wúlò mọ́. Ta ló máa mọ ìwúlò wọn lọ́nà yẹn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé wá, kí ni yóò rí kọ́?

Ẹ wo ìyókù náà. Wọ́n kọ ÀPÓTÍ sábẹ́ rédífúsọ̀n. Èmi tó jẹ́ pé ìdí àpótí bẹ́ẹ̀ nílé bàbá ọ̀rẹ́ mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó wà ní Pírámárì Márùn-ún lónìí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé wáyà ló ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wọn, pé ọdún 1935 ni irú rẹ̀ dé Èkó, pé kò sí bótìnnì tí èèyàn lè fi wá ilé iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀? Ẹ kò kọ ọ́.

4. Ẹ ní adé ni àwọn àlejò ń wá wò.

N kò bá adé jà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nítorí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ni wọ́n ṣe dá ti Èsìẹ́ sílẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ti Oníkan l’Ékòó ṣí ní 1957, Kenneth Murray, òyìnbó tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà nígbà náà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sáré kí wọ́n má bàa kó ère àti ohun ààfin wa tán lọ sókè òkun. Ìgbà yẹn, ohun tí olè ń lé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ohun tí olè kò lé, ikán àti òjò ń lé e, ẹ̀yin náà sì ti wá dara pọ̀ mọ́ wọn báyìí.

Àwọn ibòmíràn ti rí èyí tipẹ́. Ní ìlú Stockholm ní Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Artur Hazelius rí i pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń gba ayé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ń kó ṣíbí wọn jọ, ó ń kó aṣọ wọn, títí ó fi ń tú odidi ilé wọn láti ìgbèríko, tí ó sì ń tún un tò sórí òkè kan. Skansen ni wọ́n pè é, ó ṣí ní 1891, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ènìyàn gidi ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀, tó ń fọn gíláàsì lójú àlejò. Ẹrù àgbẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà.

Bí ẹ bá sì ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ ká padà sídìí àdìrẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ nínú àkójọ wọn. Àwọn obìnrin bí ìyá mi ni wọ́n yà á, ìtàn ilẹ̀ yìí sì wà lára rẹ̀ ju èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ẹ wo ọnà Ìbàdàndùn: òpó tó dúró lára rẹ̀ ni òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwọn aládìrẹ mú àwòrán òun àti olorì rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n ń pè é ní Jubilee. Ìyá mi sọ fún wa pé ọmọdé lòun nígbà náà, òun ló ń pọn omi nígbà tí ìyá tòun ń ṣe é. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló ń kọ ìròyìn sórí ìró. Ìró tí ẹ kàn mọ́ ògiri yẹn, Ìbàdàndùn ni. Ẹ ka àwọn òpó rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà ìlú yìí ló wà nínú yàrá kejì. Gbọ̀ngàn ìnáwó, a ní i lọ́tùn-ún lósì.

5. Ọ̀rọ̀ owó.

Mo mọ̀ pé òrùlé ń jò, mo sì mọ̀ pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì kì í pé. Ẹ kò jalè, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwà tí àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé, ICOM, gbé kalẹ̀ sọ pé bí nǹkan kan bá máa kúrò nínú àkójọ, àkọsílẹ̀ kíkún gbọ́dọ̀ wà nípa rẹ̀, àti pé owó tó bá ti ibẹ̀ jáde, àkójọ náà ni kí wọ́n ná an lé lórí. Àga oníke àti ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn kì í ṣe àkójọ. Nígbà tí àjọ kan náà ṣe ìpàdé ní Prague ní 2022, wọ́n tún ìtumọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ: iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe, kì í ṣe ti èrè, ohun tí a lè fọwọ́ kàn àti èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn ló sì ń tọ́jú. Bí ìyá mi ṣe ń gbóòórùn aró tó ń ní “ó di ọ̀la,” ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn nìyẹn.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́. Kíláàsì mi méjì ni mo kó wá sọ́dọ̀ yín kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì jáwọ́, nítorí àwọn ọmọ ń bi mí ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń rẹ aṣọ lójú àwọn ọmọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi okùn di aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó rẹ ẹ́, kó mú un relé. Ilé ìwé yóò san owó ìyẹn. Èmi yóò bá yín bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, ìkankan nínú wọn kò ní lé mi.

6. Ohun tí a ń bèèrè.

Orúkọ ilé mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹ dá gbàǹjo náà dúró lónìí, kí ẹ sì já ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn kúrò.

Ẹ wá ìwé ẹ̀yìn búlúù náà jáde. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, ẹ kó ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ wá sí gbangba, kí a jókòó tì í, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó mú wá. A ó kọ òmíràn, mo ti ra ìwé náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbé ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọlé kí òjò tó tún rọ̀. Ẹ yọ ìṣó lára aṣọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ o, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ẹ ká a bí mo ṣe sọ.

Aláró méjì péré ló kù láyé nínú ẹgbẹ́ ìyá mi. Ọ̀kan kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ìkòkò. Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn kí ọdún yìí tó tán, kí ohun tí wọ́n bá sọ di ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, pẹ̀lú àmì lórí orúkọ náà.

Nínú ìgbìmọ̀ yín, ẹ fi àga méjì sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ènìyàn mọ́kànlá lẹ jẹ́, kò sí ẹnìkan nínú yín tó ti hunṣọ tàbí mọ ìkòkò rí.

Ẹbí tó bá sì fẹ́ ẹrù rẹ̀ padà, ẹ kó o fún un láìgba owó.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá, èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì yóò wà lẹ́nu géètì yín, àwọn ilé mẹ́jọ yòókù náà yóò rán ènìyàn wá. Ẹ jẹ́ ká bá Ààrẹ nílé. Bí ẹ bá ti ṣetán láti tọ́jú àwọn ìkòkò náà bó ṣe yẹ, mo ti bẹ bíríkìlà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ha sìmẹ́ńtì kúrò nínú ihò láì ba amọ̀ jẹ́, òun náà yóò tẹ̀ lé wa. Bí ẹ kò bá fẹ́ wọn mọ́, òṣùká méjì wà lọ́wọ́ wa. A ó ru wọ́n lọ sílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ aláró, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.